Fèrèsé Akéwì Kì Í Ṣe Aláwọ̀ Aró

Èmi, Anacleto Bento Quintão, ayàwòrán, ọmọ Honório àgbẹ̀, ará São Gonçalo da Ladeira, ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Teodoro akọ̀wé ló ń kọ ọ́, nítorí n kò mọ̀wé. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kó dúró dè mí lọ́run.

1. Zulmira, ọmọbìnrin mi, ló ni ilé mi, tòun ti òrùlé tó ń jò. Láti ìgbà tí mo ti ń wúkọ́ ló ti ń wọn yàrá mi. Kó sinmi, kò ní fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Fidalga, ìbaaka mi, di ti Ladislau, ọmọkùnrin mi, tó ń mú àwọn àlejò káàkiri ìlú. Àwọn méjèèjì jọra: ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn lójoojúmọ́, wọn kì í béèrè ìdí.

3. Ilẹ̀ àgbàdo bàbá mi, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Bàbá máa ń sọ pé, "Anacleto, àwòrán ilé onílé lò ń yà, àgbàdo tìrẹ ń gbẹ lóko!" Òótọ́ ni, àgbàdo náà gbẹ. Ṣùgbọ́n ilé onílé ló bọ́ ọ títí ó fi kú, kò sì kọ oúnjẹ rí.

4. Evaristo Pamplona, ayàwòrán, àna mi, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, ni mo fi gbogbo búrọ́ọ̀ṣì mi fún, àti òótọ́ yìí.

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, a jọ jókòó láti ya ilé akéwì ìlú wa, tó ti kú tipẹ́. Aláwọ̀ ewé ni fèrèsé tí wọ́n ní ó ti ń kéwì sí olólùfẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ewé mi tán, mo tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ Evaristo. Ó ní, "Lọ fún ewé àgbàdo bàbá ẹ fi ṣe ọ̀dà, ará oko!" Dorvalina, àbúrò rẹ̀, tó gbé kọfí wá fún wa, bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo fi aró kun fèrèsé inú àwòrán mi.

Tèmi ni àwọn àlejò rà. Àwọn mìíràn gbé àwòrán mi dání wá, wọ́n ń wá fèrèsé aláwọ̀ aró kiri. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ọlọ́gbọ́n ènìyàn, bá fi aró kun fèrèsé gan-an. Ọ̀mọ̀wé kan sì kọ̀wé pé àwọ̀ aró ni akéwì fẹ́ràn jù láyé. Evaristo nìkan ló ṣì ń ya fèrèsé náà ní aláwọ̀ ewé. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, wọ́n lé e kúrò ní gbàgede tí gbogbo ayàwòrán ń jókòó sí. Mo wà níbẹ̀, mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Dorvalina, tó ti di ìyàwó mi, ní, "Anacleto, sọ̀rọ̀!" Mo ní ó di ọ̀la. Ọdún mẹ́fà ló fi retí ọ̀la náà, ó sì kú.

5. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba ohunkóhun, kí Ladislau ka ìwé yìí sókè níwájú ilé akéwì, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn Máàsì, kí ó fi ọ̀bẹ mi họ igun fèrèsé náà. Ewé wà lábẹ́ aró. Bí ó bá ní yóò ba iṣẹ́ òun jẹ́, kí Zulmira gba ìbaaka, kí Ladislau máa fẹsẹ̀ rìn.

6. Agolo ọ̀dà ewé tí mo rà lọ́jọ́ kejì tí Evaristo fi ọ̀dà rẹ̀ dù mí wà lábẹ́ ibùsùn mi. N kò ṣí i rí. Ti Evaristo ni. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Yóò mọ bí agídí mi ti pẹ́ tó.

Àtàǹpàkò mi rèé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, 1968.

Ẹlẹ́rìí: Teodoro Lisboa Frade, akọ̀wé.
Ẹlẹ́rìí: Perpétua Camargo, oníbúrẹ́dì, tó ní dandan kí a kọ ọ́ síbí pé òun náà mọ̀ pé ewé ni, ẹnikẹ́ni kò kàn bi òun léèrè ni.