Ríìmù Aláwọ̀ Wúrà fún Adúmáadán

Àlàmísì, 20/3/97
Ogójì ọjọ́ Bàbá lónìí. A ṣàdúrà, a jẹun, a ká ẹní. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé ilé Bàbá níbí ní Ìkàrẹ́ láti lọ wo Adúmáadán — ọkọ̀ eré Bàbá, Sẹ̀líkà dúdú ọdún '83. Níṣojú gbogbo ẹbí ni Bàbá fi lé mi lọ́wọ́ kó tó kú, torí èmi ni mo ń wà á gbé e lọ sí ọsibítù. Mo bá a lórí òkúta. Òkúta mẹ́rin. Kò sí táyà, kò sí ríìmù.

Kareem ni. Ọmọ bàbá mi, àkọ́bí, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní àrólé. Ó dáa — Àrólé ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí. Ó ti kó ríìmù Bàbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Corona tirẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó pariwo kí gbogbo àlejò lè gbọ́: "Ta ló rí obìnrin tó ń wa ọkọ̀ eré? Wà á lọ ká wò ó!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mi ò sunkún. Mo ń wo eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jímọ̀, 21/3
Kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ikú Bàbá búra.

Àtìní, 24/3
Mo ti padà sí Ọ̀kà, sẹ́nu iṣẹ́ ní káńsù. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo tẹ̀, mo ṣàṣìṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkàn mi ò sí lára ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: Iléyá ku oṣù kan ó dín díẹ̀. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló máa wà ní yídì. Èmi Raliat, n ó wa Adúmáadán débẹ̀, pẹ̀lú ríìmù tí Àrólé ò rí rí lójú àlá. Kó wò ó. Kó gbé itọ́ mì.

Lọ́sàn-án, èmi àti Zacchaeus — ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà ní oríta wa — fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ gbé Adúmáadán wá láti Ìkàrẹ́. Àrólé ò sí nílé. Limota ìyàwó rẹ̀ ló ṣí géètì fún wa. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mi ò dá a lóhùn.

Nínú búùtù: agolo mílíìkì kan, nọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de ríìmù Bàbá. Olè kó ríìmù, ó fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín. Zacchaeus ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29/3
Ìsọ̀ Ilésanmí, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ìkàrẹ́. Ríìmù ló so kọ́ ara ògiri láti òkè délẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń dán bí dígí, ó fẹ̀, ó ga — ọkàn mi fò. Zacchaeus fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó ní ó ti fẹ̀ jù, pé tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ báyìí, táyà á máa ha ara ọkọ̀ nínú. Mo ní kó má dà mí láàmú. Ó ní, "Àǹtí, ríìmù tó wu ojú kọ́ ló ń gbé ọkọ̀."

Òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a mu, àmọ́ ihò àárín ò gba orí àáṣù, irin tí ríìmù ń jókòó lé. A dá a padà. Mo wọ bọ́ọ̀sì wálé pẹ̀lú ìbínú, àfi bíi pé gbogbo ríìmù Ìkàrẹ́ ti bá Àrólé mulẹ̀.

Àtàláátà, 1/4
Ilésanmí ránṣẹ́ pé oríṣi méjì tó bá a mu ti dé. Ọ̀kan funfun, kò ní ọ̀ṣọ́, ó jọ ti Bàbá. Zacchaeus gbé e sókè, ó gbá a, ó ní èyí ni ká mú, pé ó ki, kò lè tẹ̀ nínú kòtò. Èkejì aláwọ̀ wúrà.

Wúrà ni mo mú. Ọmọ ogún ọdún ni Àrólé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá pé kó wá ríìmù wúrà sí ọkọ̀ yẹn. Odindi ọdún kan ló fi bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní tí òun bá kú, kí wọ́n ṣe é.

Zacchaeus ní èyí kọ́ ló dára jù fún ọkọ̀ náà. Mo mọ̀. Kì í ṣe Adúmáadán ni mo rà á fún. Ojú Àrólé ni mo rà á fún.

Jímọ̀, 4/4
Zacchaeus dé ọ́fíìsì mi, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rí Corona Àrólé níbi tó gbé e sí létí ọjà Ọ̀kà, òun sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Nọ́ọ̀tì ríìmù irin ló fi dè é, Àǹtí. Ẹnu wọn ṣóńṣó. Ríìmù Bàbá ò gba ìyẹn. Àwọn tó wà nínú agolo lọ́dọ̀ yín, ọlọ́rùn gígùn, àwọn ló máa ń jókòó sínú ihò yẹn. Èyí tó fi sí i yẹn á máa tú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yọ."

Ó ní òun ì bá ti sọ fún un fúnra òun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tá a ti lọ gbé Adúmáadán ni Àrólé ti búra pé òun á fi àdá lé e tó bá tún sún mọ́ ọkọ̀ òun. "Ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ mú agolo yẹn lọ fún un. Ó ń fi ọkọ̀ yẹn gbé ọmọ."

Mo ní màá sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5/4
Mi ò sọ.

Àtìní, 7/4
Mi ò tíì sọ. Ẹni tó jí ríìmù, kó wá jí nọ́ọ̀tì rẹ̀ náà.

Àlàrùbá, 9/4
Zacchaeus bi mí lónìí. Mo ní, "Mo ti sọ. Ó ní òun gbọ́." Irọ́ náà ò há mi lọ́fun rárá. Zacchaeus ní Ọlọ́run á bù kún mi. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12/4
Ríìmù wúrà ti wọlé! Mo wà á dé Ọ̀bà, mo yí padà. Kò ha, kò gbọ̀n. Àwọn èèyàn dìde níwájú ìsọ̀ wọn. Dúdú ọkọ̀, wúrà ẹsẹ̀ — àfi bí ìyàwó tuntun. Mo kọrin títí mo fi délé. Ọjọ́ márùn-ún péré. Jẹ́ kí Iléyá dé.

Àlàmísì, 17/4. Iléyá.
Mo dé yídì nígbà tí èrò ń tú ká. Mo rọra wà á gba àárín wọn. Gbogbo orí yí. Àrólé wà níbi tó ti ń kí àwọn àgbà. Ó yíjú sí mi. Mo pa ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń retí kí ojú rẹ̀ wó.

Ó rìn wá. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ríìmù náà yí po. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá ì bá rí i," ó ní. Lẹ́yìn náà: "Rali, o káre. Mo ṣe ẹ́ níbi. Dárí jì mí."

Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni mo ti kọ́ sórí sílẹ̀ fún un. Kò sí ọ̀kan tó bá èyí mu. Mo ń bínú pé kò bínú. Ó ti gba ọjọ́ mi lọ́wọ́ mi.

Ó ní lọ́la òun á gbé ẹran Iléyá mi wá sí Ọ̀kà, òun àti Fatimah ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fà mí pé kí n wá dúró ti ọkọ̀ ká ya fótò. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá."

Mo rẹ́rìn-ín nínú fótò.

Jímọ̀, 18/4
Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti yọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19/4
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi ń sọ̀ wọ Ọ̀kà. Táyà iwájú lápá òsì. Wọ́n ní ó yí lọ níwájú ọkọ̀ kí Corona tó fi ẹ̀gbẹ́ gbá àpáta. Ẹran náà fọ́n sójú títì. Fatimah fi iwájú orí gbá nǹkan, wọ́n rán an, kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ òsì Kareem fọ́ ní orúnkún àti nísàlẹ̀. Dókítà ní kò ní lè fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mọ́ láyé.

Mi ò lè jẹun. Ohun tí mo fẹ́ ni mo gbà.

Àtìní, 21/4
Zacchaeus ní òun á bá mi lọ sí ọsibítù. Kí ni mo fẹ́ sọ tí màá fi kọ̀? Limota wà níbẹ̀, Fatimah ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Zacchaeus kí wọn, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ní kí Àǹtí Rali kìlọ̀ fún yín nípa nọ́ọ̀tì yẹn? Wọ́n ní àwọn sọ, pé ẹ ní ẹ gbọ́."

Limota yíjú sí mi. Mo wo ilẹ̀.

Kareem wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti yé e, gbogbo rẹ̀, látòkè délẹ̀. Mo ń dúró kó tú àṣírí mi.

Ó ní, "Ó sọ fún mi. Èmi ni mo ṣe agídí."

Limota bú sẹ́kún, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀: "Wọ́n sọ fún yín! Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, wọ́n sì ti sọ fún yín!" Ó wí, ó wí, kò dákẹ́. Kareem gba gbogbo rẹ̀. Limota wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Àǹtí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n fojú yín rí, ẹ ṣì lọ kìlọ̀ fún wọn."

Nígbà tí Limota àti Zacchaeus bọ́ síta lọ rí dókítà, mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá —"

"Má sọ ọ́," ó ní. "Sún ìrọ̀rí yìí sókè fún mi."

Mo sún un sókè. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí ni, àbí ìyà tó dá fún mi nìyẹn.

Limota wọlé padà. Ó ní òun á máa sùn sí ọsibítù fún oṣù kan, bóyá méjì, kò sì sí ẹni tí ọkàn òun balẹ̀ láti fi ọmọ lé lọ́wọ́ àfi èmi. Mo wo Kareem. Ó mi orí sí mi: bẹ́ẹ̀ ni.

Limota gbé Fatimah fún mi. Mo gbà á.