Ṣé Egungun Àwọn Eku Náà Tún Le?

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá. Bí lẹ́tà yìí bá ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ara rẹ ó le, kí ọkàn rẹ ó balẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ti ìyá rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, korobá omi tí kò tiẹ̀ kún ló fẹ́ gbé, ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá dá pàó bí igi gbígbẹ. Kò ṣubú, kò fẹsẹ̀ kọ. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò, ló bá ní ká padà sílé kí òun lọ wọ aṣọ tuntun tí o rà fún òun. Ó wọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín dáadáa, àfi ìgbà tí fọ́tò jáde tó jẹ́ egungun lásán! Mo ní kí ayàfọ́tò tún un yà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Dókítà wá ní egungun rẹ̀ ti luhò bíi kànìnkànìn, pé sitẹ́rọ́ìdì ló fà á, ìyẹn hóró funfun tó ń lò sí làkúrègbé láti ọdún mẹ́fà. Ó tún ní ọ̀rọ̀ náà kan ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní họ́mónù. “Ọmọ nù” lèmi gbọ́. Mo fò dìde, mo ní ọmọ wa kankan ò nù, ìlú ńlá ni àbíkẹ́yìn wà, ó ń kọ lẹ́tà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o kọ sí wa, pé níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, ẹ ń fún àwọn eku ní sitẹ́rọ́ìdì títí egungun wọn fi rọ̀, kí ẹ tó wá fún wọn ní họ́mónù láti wò ó bóyá á tún le. Inú bí mi, mo ní ta ló ń fún ìyàwó mi ní oògùn eku? Dókítà ní rárá o, eku ló ń bá èèyàn mu oògùn, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣe fún wa. Dárí jì mí, ọmọ mi, èmi ni mo ń sọ káàkiri pé mo rán ọmọ níwèé, eku ló ń tọ́jú.

A padà délé, èmi àti ìyá rẹ. Ó wá ní kí n bi ọ́: àwọn eku tí ẹ fún ní họ́mónù yẹn, ṣé egungun wọn tún le? Má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. Dókítà ní kó má dá hóró náà dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dín in kù. Ó kọ oògùn mìíràn, ó sì wọ́n, nítorí náà fi nǹkan ránṣẹ́. Bí kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ wá.

Ó ní kí n má kọ ọ́ síbí pé òun sunkún. N kò kọ ọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè rẹ, àwa méjèèjì pọ̀.

Bàbá rẹ ni.