Yìnyín Ẹ̀yìnkùlé

Dwight,

Mo lọ gba oògùn ìrora Corbin. Èyí tó wà nílé ti tán. Nọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ yìí. Ó ní kò ní pẹ́ mọ́. Má fi túláàsì bọ́ ọ o.

O ò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, torí ẹ̀yìnkùlé lo wà, tí ò ń da omi sílẹ̀ nínú òtútù yìí kó lè di yìnyín tí ọmọ tí ò lè dìde mọ́ á fi bàtà onírin yọ̀ ṣeré lórí ẹ̀. Mo ní kí n pè ọ́ wọlé. Corbin di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi Dádì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sunkún."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń bò ọ́ láṣìírí.

Ju páìpù omi yẹn sílẹ̀, Dwight. Wọlé wá sunkún lọ́dọ̀ ọmọ ẹ.

Marlys