Ìlóṣòó Àbúrò Mi Lórí Àtẹ̀gùn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ aṣọ rírán. Mo lérò pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀.

Lánàá, olùkọ́ wa níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn kọ́ wa nípa àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ti ní àbùkù láti inú oyún wá. Ó ní ihò máa ń wà lára ògiri inú ọkàn àwọn mìíràn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró á sì há. Ẹ̀jẹ̀ á wá gba inú ihò yà, á padà sínú ara láìgba atẹ́gùn. Ìyẹn ló ń mú kí ètè wọn dúdú. Ó ní bí wọ́n bá lóṣòó, ẹsẹ̀ tí wọ́n ká á ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ara wọn ló mọ̀ ọ́n. Màmá, bíírò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù yín. Bí àbúrò mi bá gbé òwú dé ìdajì, á lóṣòó. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Asàba. Èmi ni mo ń fà á lápá pé, "Dìde, adìẹ, kò sẹ́yin níbẹ̀!" Àwọn ọmọọṣẹ́ yín á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí ẹ pè mí sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ ní, "Ìwọ tó mọ̀wé, wo ètè ọmọ yìí. Ṣé kì í ṣe àìsàn?" N kò wò ó dáadáa. Mo ní bíírò ló ń lá tí ètè rẹ̀ fi dúdú, ẹ má kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ó ti di ọdún méjì báyìí.

Mo sunkún lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sọ àìsàn lórúkọ. Ẹ gbé e wá ká fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà fún un." Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, kò ní jẹ́ kí ojú wa rí ibi lára rẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí yín, tó sọ̀rọ̀ láìwò.

Ọ̀rọ̀ kan kù: àtẹ̀gùn iwájú ilé ìwòsàn yìí ga. Bó bá lóṣòó níbẹ̀, ẹ má fà á dìde. Màá ti wà níbẹ̀, màá lóṣòó tì í.