Ẹ̀rọ Tó Fún Bàbá Rẹ Lápá Jù

Abà Àlàdé,
Lẹ́bàá Ìlaròó.

Motúnráyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé onílé ò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ìròyìn burúkú láti ilé. Àwa náà wà, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Fóònù mi bọ́ sínú omi, ìdí nìyẹn tí mo fi rán awakọ̀ tó ń ná Okoko sí ọ.

Ọ̀rọ̀ ṣájà bátìrì ni, èyí tí ìyàwó ọ̀gá rẹ ní Navy Town fún ọ nígbà tí wọ́n ń kó lọ, tí o fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ. O ní ká má ra bátìrì ẹ̀rọ náà mọ́, pé àwọn tó wà nínú ṣájà á máa jẹun lára iná, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, iná pupa orí rẹ̀ ò tàn mọ́. Mo gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá, kò tàn. Mo gbọ̀n ọ́n, kò tàn. Mo wọ́n omi àdúrà sí i lórí, iná sì gbé mi, ọwọ́ mi kú tipiri títí di ìrọ̀lẹ́. Mo sá àwọn bátìrì náà sóòrùn lórí páànù bí a ti máa ń ṣe fún ti tọ́ọ̀ṣì láyé ìyá mi, pàbó ló já sí. Mo wá ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán, mo kì wọ́n bọ inú ṣájà náà, bóyá tó bá rí tuntun, á jí. Ńṣe ni wọ́n ń sunkún, omi dúdú ń jáde lára wọn, ó sì dípẹtà mọ́ àwọn irin rẹ̀. Má bínú pé àlàyé mi pọ̀, ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi wé apá bàbá rẹ, á wú díẹ̀, á sì rọ̀, kò ní kọ nọ́ńbà kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀, kò rí ohun tó máa kà mọ́. Bàbá rẹ náà yọ̀, wọ́n ní kí n kó oògùn tó kù pamọ́, kí owó rẹ má baà máa ṣòfò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti lò ó kẹ́yìn.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo gbé ṣájà tọ Bàṣírù tó ń tún rédíò ṣe lọ. Ó bú mi díẹ̀, ó ní bátìrì lásán kì í wọbẹ̀, pé ó lè bẹ́ mọ́ mi lójú. Ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu àwọn irin náà, ó fi sáńdípépà ha wọ́n, ó so wáyà kan tó já, iná pupa sì tàn. Nígbà tí àwọn bátìrì yó, mo kó wọn sínú ẹ̀rọ, mo fi wé apá bàbá rẹ. Motúnráyọ̀, nọ́ńbà tó kọ ga ju èyí tí nọ́ọ̀sì fi pariwo lọ́jọ́sí lọ. Mo tún un ṣe, ó tún ga sí i. Mo fi ìbínú yọ bátìrì. Nígbà tí ebi ń pa ẹ̀rọ yìí, kò sọ nǹkan kan, ó wá yó tán, ó ń parọ́ mọ́ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé láti àná, apá òsì bàbá rẹ, apá tí mo máa ń fi ẹ̀rọ náà fún, ti wúwo, wọn ò lè gbé e sókè. Ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu wọn náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbà pé ẹ̀rọ ló fún wọn jù. Mo ń fi òrí ra á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní tàn ọ́.

Mo ti di ẹ̀rọ náà àti ṣájà rẹ̀ fún awakọ̀. Jọ̀wọ́, bá wa fi pààrọ̀ èyí tó máa ń fúnni jẹ́jẹ́. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi rán an padà, òrí ti fẹ́ tán.

Bàbá rẹ ní kí n má tíì pa lẹ́tà dé, àfi kí àwọn kọ́kọ́ ṣàdúrà fún ọ bí ìṣe wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n sì ṣe é, ó gùn. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo lè kọ, àmọ́ mo ń ṣe àmín sí i ṣáá. Ìwọ náà, jọ̀wọ́, ṣe àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Victoria Májẹ́kódùnmí