Kọ́tìnì Tí Ọmọ Wa Rán Níbi Ìntáfíù

                                        Ilé Alájà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé Ẹ̀kọ́,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti èyí tó kéré jù, tí kì í jẹun àfi tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́? Ara tèmi le, ìyàwó mi náà ní kí n kí ọ. Ọmọkùnrin wa ṣì wà níbi tó wà, kì í pè wá, àwa là ń pè é. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ò tíì lọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè gbé ti ẹlòmíràn kan àjà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni, ọmọbìnrin wa tó wà nílé. Mo pè é ní ọmọ rẹ nítorí ìwọ lo kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ti kógbá sílé, inú yàrá ló ń jókòó sí, tó ń bá àwọn aládùúgbò gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà ní ìkòríta lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àwọn ń wá aránṣọ tí yóò máa gba owó oṣù, inú gbogbo wa dùn. Èmi fúnra mi ni mo bá a kun bàtà rẹ̀.

Ìyá kan tó jẹ́ alábòójútó ibẹ̀ ló jáde sí òun àti àwọn mìíràn tó wá wáṣẹ́ lọ́jọ́ ìntáfíù. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu kì í ránṣọ, ọwọ́ ló ń rán an. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín." Ló bá kó wọn wọ yàrá tí wọ́n to máṣíìnì sí, ó gbé ìdì aṣọ fún oníkálukú, ó ní kí wọ́n fi rán kọ́tìnì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de táì nìkan ló béèrè pé, "Mà, ṣé ìntáfíù nìyí àbí iṣẹ́?" Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, máa lọ sílé, ó ti rẹ̀ ọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀." Gbogbo wọn fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ wa ròyìn rẹ̀ nílé, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní irú wọn ni kì í ríṣẹ́.

Àbúrò mi, wọ́n rán kọ́tìnì títí oòrùn fi wọ̀. Tí ẹnì kan bá parí ìdì kan, ìyá náà á fọwọ́ pa aṣọ ọ̀hún lára, á ní, "Ìyá tó bí ọ ò ní sunkún ọmọ," á sì gbé ìdì mìíràn kalẹ̀. Ta ló máa ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tán tí yóò tún béèrè pé èló ni? Ẹni tó bá pè ọ́ lọ́mọ, o ò lè bá a sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àti ìwọ nìyẹn, bí a sì ṣe tọ́ tiwa nìyẹn. Nígbà tí ọmọ wa parí tirẹ̀, ó tún bá ìyá àgbàlagbà kan tí òun náà wá wáṣẹ́, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ká etí aṣọ, torí kò lè káwọ́ gbera kó máa wo àgbà nídìí iṣẹ́. Wọ́n fún wọn lómi mu, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, àwọn á pè wọ́n.

A retí ìpè náà títí ó fi lé lóṣù kan. Lọ́jọ́ kan mo ń gba iwájú òtẹ́ẹ̀lì yẹn kọjá, mo gbójú sókè, kọ́tìnì ti wà ní gbogbo fèrèsé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo dúró tí mò ń wò ó. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí pé, "Bàbá, ta lẹ ń wá?" Mo ní mi ò wá ẹnikẹ́ni, kọ́tìnì ni mò ń wò.

Ó ní, "Ó wù yín, àbí? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n rán an. Àwọn tó wá wáṣẹ́ ló rán an. Kò síṣẹ́ kankan níbí o. Ọ̀gá wa gbọ́n."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ki ọ̀gá rẹ̀.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó pe ọmọ wa lọ́mọ, tó wá rán an níṣẹ́ ẹrú, òwe wo la fẹ́ pa fún òun? Ó bu oúnjẹ fún mi.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá pè. Pẹ̀lú ọṣẹ lójú ni ọmọ wa fi sáré jáde nílé ìwẹ̀ wá gbé fóònù. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára, kó wá ṣe ìntáfíù kejì ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ti ìrọ̀rí ló kàn, kó mú òwú àti sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ dání.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Ní àárọ̀ yìí mo sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ yẹn sọ fún mi fún un. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, kò dá áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀. Ọjọ́ tí mò ń rán an gan-an ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá lọ, kí ni kí n máa ṣe ní Ọjọ́bọ̀?"

Mo jáde kúrò níbẹ̀, mo lọ wá ìwé àti gègé.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ògiri ilé wa fúyẹ́, á gbọ́. Awakọ̀ tó wà nílé ìsàlẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la. Jọ̀wọ́, pè é kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Sọ fún un pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, pé kó wá ràn ọ́ lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ náà. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o pè é. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀. Bí kò bá sì sí iṣẹ́ kankan nílẹ̀, mú aṣọ kan tó o ti rán tán, tú u, kó bá ọ tún un rán.

Bá mi kí gbogbo ilé.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo,
                                        Bàbá Aránṣọ.