Ìgò Wáìnì Tí Bàbá Mi Fi Ìda Àbẹ́là Dí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Filomẹ́nà ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú Bọ̀dó ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí òtútù ti ń bá mi jà tí èmi náà ò sì gbà fún un. Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ kajú, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀yin ará ilé wa gbogbo ní Kèrè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá, tí ẹ bá wà ní ìjókòó, ẹ dìde. Tí ẹ bá wà ní ìdúró, ẹ wá àga. Mi ò mọ èwo ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Mo ti ṣí ìgò náà.

Ẹ̀yin mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Mo ní kí ìwé ìròyìn gbé e jáde, nítorí gbangba ni wọ́n ti tàbùkù yín, kò sì yẹ kí ìdáláre yín di ọ̀rọ̀ inú yàrá. Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wá.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ni olùtọ́jú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa lábẹ́ òkè. Ẹ̀yin lẹ ń lu aago, ẹ̀yin lẹ ń tan àbẹ́là, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí wáìnì Mísà ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àlùfáà máa ń wá. Kó tó dé, ẹ ó ti ṣí ìgò, ẹ ó ti bu ìwọ̀n tó máa lò sínú ìgò kékeré orí pẹpẹ. Lọ́dún náà, ikán jẹ àpótí tí ẹ ń kó wáìnì sí. Ẹ wá gbé ìgò tuntun kan sójú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ ní ikán ò lè rí gíláàsì jẹ. Ìgò tí a ń rí inú rẹ̀ kedere ni. Láàárọ̀, oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á ya pupa sára ògiri, ẹ ó sì pè mí kí n wá ki ọwọ́ mi bọ inú pupa náà. Mo rò pé kò sí ohun tó lẹ́wà tó o láyé.

Láti ẹ̀yìn Àjíǹde ni ìgò náà ti wà níbẹ̀ láìṣí, títí di àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ tí ó kàn án. Lọ́jọ́ yẹn, àlùfáà wo inú ife, ó tún un wò. Wáìnì ti ṣá. Ó dàbí omi ìsápá tí wọ́n ti là jù. Pàpá Fídẹ̀lì, olórí akọrin, ló sọ ọ́ síta lẹ́yìn Mísà, lójú gbogbo ìjọ, pé ẹnì kan ti mu nínú wáìnì, ó sì fi omi dí i. Ó wá béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin ò bu omi sí i. Ẹ ò jà, ẹ ò búra, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Níléèwé, wọ́n ní Jésù sọ omi di wáìnì ní Kánà, bàbá Filomẹ́nà sọ wáìnì di omi. Bí Kánà ṣe di orúkọ mi nìyẹn. Mi ò sọ fún yín rí, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rí i tí ẹ kúrò lórí àga iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé àsíá ìjọ wa lọ sí Arigbo, ojúbọ Màríà Mímọ́ tí gbogbo ìjọ ń wọ́ lọ lóṣù Kẹjọ, ẹ wá ń lọ nígbà tí èrò bá ti túká, ẹ̀yin nìkan lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹni tó jí nǹkan.

Ìyókù wáìnì ọjọ́ náà, ẹ dé e padà, ẹ yọ́ ìda àbẹ́là lé ọrùn ìgò, ẹ fi aṣọ dúdú wé e, ẹ sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ yín. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá síbí ni ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ibi tí ò ń lọ, wọ́n ń wọn nǹkan níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n wọ̀n, wọ̀n ọ́n. Ohun tí o bá rí, òun ni kí o sọ."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní làbó wa, ilé àyẹ̀wò wáìnì, nìyí. Wọ́n á kó wáìnì tí wọ́n ń tà lọ́jà wá, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, a ó sì wọn àwọn èròjà tó ti ara èèpo àjàrà wọ inú rẹ̀. Pólífẹ́nọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Àwọn ló ń fún wáìnì ní àwọ̀, àwọn ló sì ń fa ahọ́n bí èso kajú ṣe ń fà á. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ rẹsifẹratírọ́ọ̀lù, òun làwọn èèyàn ń pariwo kiri pé ó dára fún ọkàn. Ìyá mi, ẹ má tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ọtí mímu o. Èyí tó wà nínú ife kan kéré débi pé ẹ̀rọ ló ń bá wa rí i.

Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ á mú ètè sán, á sì lọ. Èyí ń wọ egungun, ó ń sùn síbẹ̀. Owó tí mò ń rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé ọ̀dọ̀ yín, mo sì gbọ́ pé iṣu ọjà Glazoué ti gbówó lórí. Èyí tó nira jù ni ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, màá sì jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lé mi síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kàn máa ń bá ara mi.

Ọdún méjì ni ìgò yín fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo ti mọ̀ ọ́n wọ̀n tipẹ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ńkọ́? Bàbá, mo ṣiyèméjì nípa yín. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ló là mí lójú. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, mo to àwọn ìgò kékeré tí mo bu wáìnì sí sẹ́bàá fèrèsé, mo lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo dé tí mo kó wọn sẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo ìwọ̀n dà rú. Rẹsifẹratírọ́ọ̀lù ní ìrísí méjì: ọ̀kan nà, ọ̀kan tẹ̀. Nínú wáìnì tó wà lókùnkùn, èyí tó nà ló máa ń pọ̀. Nínú tèmi, èyí tó tẹ̀ ló gborí. Ọ̀gá mi, Madáàmù Ẹlẹ́nì, obìnrin tí kì í pariwo ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ń nani, béèrè ibi tí mo to wọn sí. Mo nawọ́ sí fèrèsé. Ó ní oòrùn ló tẹ̀ ẹ́, pé ìmọ́lẹ̀ ni olè inú iṣẹ́ wa, pé tí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀ jù báyìí lọ, àwọ̀ wọn náà á lọ. Ó ń bá mi wí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé orí mi ti yí. Fèrèsé wa ló wà lójú mi, Bàbá, àti pupa tó wà lára ògiri. Ẹní bíni là á jọ.

Mo ro ọ̀rọ̀ yín fún un. Ó ní kí n má fi ìfẹ́ bàbá wọn wáìnì. A kọ̀wé sí ilé tó ṣe é, torí orúkọ wọn ṣì wà lára ìgò yín. Wọ́n fi ìgò kan ránṣẹ́, wáìnì kan náà, ọdún kan náà, tí kò kúrò nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀ wọn rí. Mo fi ọ̀bẹ ha ìda àbẹ́là yín kúrò. Madáàmù bá mi di ìgò mú.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Kèrè. Omi kì í ṣojúsàájú. Bí ẹ bá bu omi sí wáìnì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa là pọ̀: agbára ọtí, adùn ṣúgà, kíkan, àwọ̀. A wọn ìgò méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Agbára ọtí wọn dọ́gba. Ṣúgà dọ́gba. Kíkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, afẹ́fẹ́ inú ìgò ló sì fa ìwọ̀nba díẹ̀ tó yàtọ̀. Àwọ̀ ló lọ, òun àti àwọn pólífẹ́nọ́ọ̀lù. Nígbà tí a dé orí rẹsifẹratírọ́ọ̀lù, ti inú òkùnkùn nà, ti bàbá mi tẹ̀. Oòrùn ti fọwọ́ síwèé síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu omi sí wáìnì náà.

Mo jó láàárín làbó tèmi ti aṣọ funfun iṣẹ́. Madáàmù ò mọ ijó rárá, ó sì jó. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ìwé àbájáde rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú òǹtẹ̀ làbó.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ gbé e sóòrùn o. Ẹ sá fún ikán, ẹ kó sọ́wọ́ oòrùn. Èmi náà ṣe é, mi ò lè bá yín wí.

Pàpá Fídẹ̀lì, ẹ kú àgbà. Mi ò bínú sí yín, ohun tí ojú yín rí lẹ sọ. Ìyá mi ní ohùn yín ṣì ròkè dáadáa. Ibi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ náà lẹ́yìn Mísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ gan-an kí ẹ ka lẹ́tà yìí fún ìjọ.

Bàbá, oṣù Kẹjọ ò jìnnà mọ́, mò ń bọ̀ wálé. Ẹ̀yin ni ẹ ó gbé àsíá lọ sí Arigbo, láàárín èrò, nínú oòrùn ọ̀sán, èmi á sì máa tẹ̀ lé yín. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjá àga ẹ̀yìn. Mo rìn títí mo fi dé iwájú, mo sì jókòó.

Kí Olúwa dá yín sí fún mi, kí ẹ̀yin àti Ìyá mi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará oko, àti gbogbo àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti gba orúkọ tí wọ́n sọ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Filomẹ́nà Kánà